Ẹrù Pé, Èèyàn Ò Pé

Nígbà tí Matthias Fọláyan wà lọ́mọdé, ohùn kan wà tó máa ń gbọ́ ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, tí àwọn ará ilé wọn bá ń kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí oko kòkó lẹ́yìn òkè. Ìyá rẹ̀ á wà lẹ́yìn pátápátá, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á ké pé: "Ó ku ta ni o-o-o?" Àpáta á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á sọ ọ́ fún àpáta kejì, ìyẹn náà á sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta: "…ta ni o… ta ni o…" Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Matthias fi kọ́ àwọn ọmọ Sókótó ní jọ́gíráfì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sí òkúta kan tó lè dá èèyàn lóhùn. Ohùn yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Òun náà ló tì í dé iwájú Baálẹ̀ Dúrójaiyé lánàá, níbi tí ẹjọ́ rẹ̀ ti wáyé, tó dúró tó di fìlà mú bí ọmọ ilé-ìwé tó fi bọ́ọ̀lù fọ́ wíńdò.

Ọláwùmí ló pè é lẹ́jọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọláwùmí, opó ni, ọ̀rẹ́ àtikékeré Matthias sì ni. Ó gbé àga rọ́bà aláwọ̀ ewé kan wá láti ilé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì jókòó sórí ẹ̀rí náà.

"Ọláwùmí," Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀, "kí ni Matthias fi ṣe ọ́?"

"Baálẹ̀, ó pè mí jáde, ó sì sọ mí nù."

"Ó sọ ọ́ nù?"

"Bí ẹni sọ abẹ́rẹ́ nù sínú koríko. Nínú igbó lẹ́yìn òkè, láti ọ̀sán gangan títí oòrùn fi ń wọ̀. Èmi nìkan, lórí àga yìí."

Olóyè Benedict, olùkọ́ ìjọ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, la ojú. "Kí ni àga ń wá nínú igbó?"

"Orúnkún mi ló ní kí n gbé e, Olóyè. Ẹ bi í."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n ka ìwé ìpè. Kò sí ìwé. Inú fóònù ló wà, nínú ẹgbẹ́ tí Matthias àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń kí ara wọn láràárọ̀. Jemima, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Àkúrẹ́, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ náà, ló kà á sókè:

"'Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká wọ igbó ẹ̀yìn òkè ní Sátidé. A ó rìn, a ó dáná, a ó sùn lábẹ́ ìràwọ̀, a ó padà ní Sọ́ńdè. Kò sí alága, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ètò. Kí oníkálukú pọn ẹrù tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ mú ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn.'"

"Kò sí alága?" Baálẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. "Èèyàn mélòó ló jáde?"

"Mọ́kànlá, Baálẹ̀."

"Èèyàn mọ́kànlá kóra jọ, kò sí alága?"

"Ìrìn gbẹ̀fẹ́ ni mo pè é," Matthias dáhùn. "Bí èmi àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń ṣe ní Sókótó nìyẹn. Ẹni tó bá wá, ó wá."

"Ó sì rí bẹ́ẹ̀?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ti yan alága."

"Ta ni wọ́n yàn?"

Olóyè Benedict gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Benedict?"

"Wọ́n fi dandan mú mi ni, Baálẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tí Olóyè sọ," Matthias fi kún un, "gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Ọláwùmí jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé jenerétọ̀ jáde nínú ọkọ̀."

"Jenerétọ̀! Lọ sínú igbó?"

"Nítorí máíkì ni," Olóyè Benedict sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Baálẹ̀ yíjú padà sí Matthias. "Ó dáa. Ẹ gun òkè. Báwo ni obìnrin yìí ṣe sọnù?"

Ọláwùmí ò jẹ́ kó dáhùn. "Mo sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí. A dé oríta kan, ó tọ́ka sí ibòòji kan, ó ní: 'Jókòó díẹ̀, mo ń bọ̀ nísinsìnyí.' Mo jókòó. Àwọn tó wà níwájú rò pé mo wà pẹ̀lú àwọn ará ẹ̀yìn. Àwọn ará ẹ̀yìn rò pé mo ti lọ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi: 'Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ kú ìjókòó!' Èmi náà ń dá wọn lóhùn bí aṣiwèrè. Àfi bí mi ò ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mọ́."

"Matthias, ṣé ẹ ò kà á nígbà tí ẹ dé ibi tí ẹ ó sùn ni?"

"Mo kà á, Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Mọ́kànlá pé géérégé."

"Mọ́kànlá kí ni?"

Matthias yí fìlà lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ibí yìí ni ẹsẹ̀ òun yóò ti yọ̀.

"Mọ́kànlá ẹrù."

Ariwo sọ. Ìyá arúgbó kan tó wá gbọ́ ẹjọ́ lásán di ìdí mú.

"Ẹrù lo kà?"

"Baálẹ̀, ẹ gbọ́ mi. Mo ní kí oníkálukú pọn ẹrù tirẹ̀. Ẹrù mọ́kànlá, èèyàn mọ́kànlá. Láti ayé ìyá mi, ẹrù kì í rìn láìsí olówó rẹ̀!"

"Ẹrù Ọláwùmí wá rìn lọ báwo?"

Jemima kúnlẹ̀ kí wọ́n tó pè é. "Èmi ni, bàbá. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo pọn tèmi, mo ru tiwọn. Mi ò lè máa rìn lófìfo lórí kí Mọ́mì máa pọn ẹrù níwájú mi. Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Matthias kígbe. "Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló da ìṣirò mi rú!"

"Jókòó! Kò tíì sí ìṣirò tí ẹ̀kọ́ ilé ń dà rú. Ẹ pe ẹlẹ́rìí."

Ẹlẹ́rìí ni Wàsíù, ará Ìwó tó ń tọ́jú oko kòkó oníkòkó lẹ́yìn òkè, tí òun àti olóko jọ ń pín ohun tó bá so. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Baálẹ̀, mo ń bọ̀ láti oko, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó gúnwà sórí àga aláwọ̀ ewé láàárín igbó. Kò pariwo. Ó kàn ń wò mí."

"Kí lo ṣe?"

"Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

"Irọ́!" ni Ọláwùmí wí. "Ó sá. Bàtà rẹ̀ kan ṣì wà nílé mi."

"Mo sá tán ni mo tó kí yín, mà."

"Láti ibo lo ti kí i?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Láti orí igi."

"Kí lo sọ lórí igi?"

"Mo ní: 'Ìyá, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí kòkó so lọ́dún yìí.'"

"Kí ló fi dá ọ lóhùn?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ bu omi wá."

Olóyè Benedict na ọrùn. "A gbọ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀ kí n tó dé, Olóyè. Ẹnì kan ti rí wọn ṣáájú mi, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin méjì síwájú wọn, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo bá."

"Ọláwùmí! Ìwọ, ọmọ ìjọ, o jẹ ohun tí wọ́n fi bọ ọ́?"

"Olóyè, oúnjẹ mi ti bá Jemima lọ. Ṣé kí ebi pa mí kú nítorí ẹni tí kò mọ̀ mí?"

"Ẹyin náà ńkọ́?"

"Tútù ni."

"Áà, ó ṣe," ni Baálẹ̀ wí tàánútàánú.

"Wọ́n tiẹ̀ ti ń sùn nígbà tí mo gbé omi dé," Wàsíù fi kún un.

"Àdúrà ni mò ń gbà."

"Wọ́n ń hanrun, Baálẹ̀."

"Àdúrà inú ni! Sọ òtítọ́ tí o bá wá sọ, kí o fi imú mi sílẹ̀."

Wàsíù tún dọ̀bálẹ̀. "Òtítọ́ kan ló kù. Láti ọjọ́ náà, kòkó wa ti ń tanná. Ọ̀gá mi ní kí n bi yín bóyá mọ́mì lè tún wá jókòó díẹ̀."

Baálẹ̀ fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti le padà. "Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé Ọláwùmí kò sí?"

"Èmi ni," Olóyè Benedict jẹ́wọ́. "Oúnjẹ jinná, mo sọ nínú máíkì pé kí Ìyá Ẹgbẹ́ bọ́ síwájú wá gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Matthias kò dúró gba fìlà, ó sáré padà."

Matthias sáré padà lóòótọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni. Ihò kéékèèké mẹ́rin tí ẹsẹ̀ àga lu sílẹ̀ ló bá. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò mọ̀ pé Wàsíù ti mú Ọláwùmí lọ sí abà, pé ó ti ń jẹ iṣu níbẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló tó gbọ́ pé ó wà láàyè.

"Ọláwùmí, kí lo fẹ́ kí n ṣe fún un?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Kó má pe ẹnikẹ́ni rìn mọ́ láéláé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, Baálẹ̀, kò fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí mi. Kò wá. Kò pè."

Sókótó ni Matthias sin ìyàwó rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó padà wálé, fóònù rẹ̀ kì í dún àfi tí wọ́n bá fẹ́ ta káàdì fún un. Ẹgbẹ́ yìí ni èèyàn mẹ́wàá fi ń kí i láràárọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ilé àti ògiri ló kù.

"Mo kọ ọ̀rọ̀ náà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́."

"Ìgbà mélòó?" ni Baálẹ̀ wí.

"Mi ò kà á."

"Ẹrù nìkan lo mọ̀ ọ́n kà."

"Baálẹ̀," ni Ọláwùmí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀, "kì í ṣe àkọ́kọ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta sẹ́yìn, ní gáréèjì, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣẹ́ kan ní Sókótó, kí n dúró, òun ń bọ̀ nísinsìnyí."

Ìyá arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan dá ẹ̀rín dúró.

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ Matthias. "Nílé yín, ta ló máa ń kẹ́yìn lọ́nà oko?"

"Ìyá mi."

"Kí nìdí?"

"Òun ló pe àwọn èèyàn jáde. Ẹni tó bá pèèyàn sọ́nà ló ń kẹ́yìn wọn."

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

"Iwájú. Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà náà, Baálẹ̀. Mo rí oko bàbá mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo pe ẹnikẹ́ni."

Àwọn ìjòyè fi orí kan orí. Olóyè Benedict dábàá pé kí wọ́n gba fóònù rẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n ní ẹjọ́ jenerétọ̀ tirẹ̀ náà ṣì wà nílẹ̀. Baálẹ̀ tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹgbẹ́ kò tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ẹrù, a ó fi í sí ibi tó yé e. Matthias, láti òní lọ, ìwọ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Ẹrù ni ọ́. Ẹrù Ọláwùmí."

"Baálẹ̀!"

"Ẹrù kì í sọ̀rọ̀. Ibi tó bá lọ, ibẹ̀ ni wàá lọ. Ibi tó bá jókòó sí, wàá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ lo ní ẹrù kì í rìn láìsí olówó rẹ̀. A fẹ́ fojú rí i. Jemima á ka èèyàn mẹ́wàá, á wá kà ọ́ mọ́ àwọn àpò. Wàsíù ni yóò máa ṣíwájú, nítorí òun ló mọ igbó náà bó ṣe rí lónìí. Ìwọ, bó ṣe rí nígbà tí ìyá rẹ wà láyé lo mọ̀. Benedict, níbo ni jenerétọ̀ wà?"

"Ó ṣì wà lókè, Baálẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e."

"Ìwọ nìkan ni yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀. Láìsí ọ̀rọ̀ ìkíni."

Ọláwùmí gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ ò tíì bi mí bóyá mo fẹ́ ẹrù."

"O ò fẹ́?"

Ó wo Matthias láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó wúwo."

"Kò sí ẹrù tí kì í wúwo."

"Ó ti gbó."

Baálẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n tirẹ̀ tó ti funfun.

"Kó kọ ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín, lójú gbogbo yín," ni Ọláwùmí wí. "Tí mo bá kà á tán, màá sọ bóyá mo gbà á."

Matthias jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé ìka dúró sókè, ó ń wo ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́.

"Bàbá," Jemima sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́. Nǹkan dún nínú báàgì Ọláwùmí. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì kà á:

"Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, ní ẹsẹ̀ òkè. Wàsíù ló ṣíwájú. Kí ẹnikẹ́ni má gba ẹrù ẹlòmíràn. Ọláwùmí, ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o jókòó. Jókòó títí tó bá tó ọ. Mi ò lọ ibì kankan mọ́."

Ọláwùmí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní: "Mo gba ẹrù mi."