Ohun Tó Mú Olóyè Arówólò Dọ̀bálẹ̀ Lórí Odò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà wa tó wà ní Kánádà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í rì? Ẹ sún mọ́bí, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Olóyè Arówólò ló wá kí Ìbídùnní ọmọ rẹ̀ láti ilé. Ó bá odò ẹ̀yìnkùlé tó ti di yìnyín gbagidi, inú rẹ̀ dùn. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àga lọ síbẹ̀, tó ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé pé òun jókòó lórí omi, omi ò sì tó bẹ́ẹ̀ kó mira.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Akínlàjà, àfẹ́sọ́nà Ìbídùnní, wá fojú han bàbá, òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó gbọ́ tí odò ń kùn, ó rí i tí yìnyín ń sán lábẹ́ àga tí bàbá jókòó lé. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá dúró lórí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ á jìn sódò. Ẹni tó bá nà gbalaja, tó ń fàyà wọ́, ló lè yè é. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún bàbá ìyàwó pé kó dọ̀bálẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ létí odò.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ... ẹ dọ̀bálẹ̀, sà. Yìnyín ń là!"

"Èmi Arówólò? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó wá tọrọ ọmọ mi?" Olóyè fìbínú dìde, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Yìnyín dún gbàù! Àga rì. Òógùn bo Akínlàjà nínú òtútù. Bí bàbá yìí bá bómi lọ, ta ni yóò fún un níyàwó? Ta ni yóò tilẹ̀ gbà pé òun kọ́ ló tì í? Ó sáré na fóònù sókè.

"Kábíyèsí ló ń pè lórí fídíò, sà! Wọ́n ń wò yín!"

Kó tó sọ ọ́ tán, Olóyè ti délẹ̀ gbalaja, tàyà tikùn. "Káábíyèsí o!"

"Wọ́n ní kí ẹ máa wọ́ bọ̀, sà. Ẹ má gbórí sókè o!"

Olóyè ń wọ́, ó ń kí ọba, yìnyín ń là lẹ́yìn rẹ̀, títí Akínlàjà fi dì í lọ́wọ́ mú.

Nígbà tí Olóyè gba fóònù, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí omi dúdú níbi tó dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ló tún rí wa?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ó dáa. Mo ti fún ọ ní Ìbídùnní. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́, òwe àgbà ni mo tẹ̀ lé."

"Òwe wo, sà?"

Olóyè gbọn yìnyín kúrò nírùngbọ̀n, ó ronú díẹ̀, ó ní:

"Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í rì."