Bàbá Gbogbo Kùmásì

Ládòkun kì í dúró kí ẹnikẹ́ni fi òun hàn. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún 1978, kí ẹ tó kí i tán, yóò ti sọ fún yín pé òun ni Bàbá Kùmásì.

Kò purọ́. Ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Kùmásì, bí wọ́n sì ṣe ń fi orúkọ ọmọ pe gbogbo bàbá ni wọ́n ṣe ń pe òun náà. Ṣùgbọ́n létí Ládòkun, oyè ni.

Òun àti Mojọlá ìyàwó rẹ̀ ti ta aṣọ ní ìlú Kùmásì títí ìjọba Gánà fi ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ni Mojọlá bí ọmọbìnrin. Orúkọ tí lèmọ́mù pè é kò mọ́ ọn lára, Kùmásì ló mọ́ ọn lára. Ọmọ náà sanra dáadáa. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìdíje ọmọ tó dára jù, òun ló gba ipò kìíní, wọ́n sì fi agolo mílíìkì ta á lọ́rẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí aboyún àdúgbò tí kò fẹ́ bí Kùmásì. Kùmásì wà nílé ahunṣọ, ó wà nílé alápatà. Àwọn kan tó bí ìbejì fi Kùmásì kún Táíwò, wọ́n wá fi Àkúrá, olú ìlú Gánà, kún Kẹ́hìndé kó má baà bínú.

Ibi tí wọ́n bá ti ń sọmọ lórúkọ, Ládòkun ti débẹ̀. Agbádá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, òun yóò tẹ̀ lé e.

“Ta ló ni orúkọ yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá Kùmásì.”

“Itan ewúrẹ́ ńkọ́?”

Wọn a gbé itan ewúrẹ́ fún un. Àwọn aláwàdà àdúgbò a sì máa kì í: Ládòkun ajísọmọlórúkọ, bàbá àwọn ọmọ tí kò bí, ẹni tó fi orúkọ kan ṣoṣo jẹ agbo ewúrẹ́ tán. Kì í jẹ́ kí wọ́n gé e kúrú.

Nígbà tó yá, itan ewúrẹ́ kò tó o mọ́. Ó lọ bá Mọ́gàjí Fátókun, olórí agbo ilé wọn, pé kó fi òun jẹ Bàbá Ìsọmọlórúkọ. Ó ní kí gbogbo ìyá tó ní Kùmásì pọn ọmọ wá lọ́jọ́ ìwúyè, kí wọ́n sì gbé nǹkan dání. Mọ́gàjí ní òun ti gbọ́.

“Bàbá Kùmásì,” ni Mojọlá wí nílé, “ẹ rántí bí orúkọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ o.”

“Bá mi lọ agbádá mi,” ni Ládòkun dá a lóhùn.

Ọjọ́ pé. Àwọn ìyá ọmọ dé, oníkálukú gbé abọ́ tí ó fi ìdérí bò. Ládòkun ń fojú ka abọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó.

Mọ́gàjí gbé ewé akòko lọ́wọ́. “Ládòkun, ṣé ìwọ lo ni orúkọ tí gbogbo ọmọ yìí ń jẹ́?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Kò sí ẹlòmíràn tó lọ́wọ́ sí i?”

“Èmi nìkan ni.”

Àwáwù, ìyàwó alápatà, gbé abọ́ tirẹ̀ síwájú Ládòkun, ó ṣí i. Omi ni. Àwọn yòókù náà ṣí tiwọn, omi ni gbogbo rẹ̀.

“Bàbá Kùmásì,” ni Àwáwù wí, “ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ, ṣebí owó tàbí aṣọ ni yóò kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nídìí omi ìsọmọlórúkọ. A ti ń retí tiyín ọjọ́ ti pẹ́.”

Ládòkun wo abọ́ lọ, ó wo abọ́ bọ̀.

“A jọ sọ ọ́ ni,” ló wí. “Èmi àti Mojọlá.”

“Ta ló kọ́kọ́ pè é?” ni Mọ́gàjí bi í.

“Ká ṣáà sọ pé Mojọlá ni.”

“Mojọlá, kí ni ọkọ rẹ wí nígbà tí o pè é?”

Mojọlá kúnlẹ̀. “Wọ́n ní kí n má fi orúkọ ìlú tó lé àwọn jáde sọ ọmọ àwọn, Bàbá. Àárò ìlú náà ló ń sọ mí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀.”

“Mojọlá kò sì jẹ wá ní nǹkan kan,” ni Àwáwù wí. Ó yí ẹ̀yìn padà, àwọn ìyá yòókù náà yí ẹ̀yìn. Ọ̀já aláró kan náà ni wọ́n fi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Mojọlá ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun gbogbo ọ̀já náà, ìṣojú Ládòkun ló sì ti ń fi wọ́n sílẹ̀ nídìí omi níbi ìsọmọlórúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹran ni Ládòkun ń jẹ nígbà náà.

Mọ́gàjí dìde, ó fi ewé akòko sínú gèlè Mojọlá. Àwọn obìnrin hó yèè. Ojú ti Ládòkun gan-an, ṣùgbọ́n kò lọ.

“Èmi wá ńkọ́, Bàbá? Kí ni kí wọ́n máa pè mí?”

Mọ́gàjí rò ó díẹ̀. “Ọkọ Ìyá Kùmásì.”

Kí Ládòkun tó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdé ti ń fi orúkọ náà kí i.