Kànrìnkàn Lórí Pápá

Ọjọ́ tí mo gbé kànrìnkàn ìyá mi wọ pápá ìṣeré kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Lakúrọ́ọ̀sì là ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Bọ́ọ̀lù kékeré ni, igi tó ní àwọ̀n lórí la fi ń hán an, òun náà la fi ń jù ú sójú ilé, ìyẹn góòlù. Àwọ̀n yẹn là ń pè ní àpò. Tèmi burú, bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó já bọ́. Bẹ́ẹ̀ àwa ọmọ Ìlọ́bù fẹ́ lọ bá Ìfọ́n ṣeré, Ìfọ́n sì nilé Sìkírátù tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀ ti ní òun á wá síbi eré náà wá wo irú ẹni tí mo jẹ́.

Bí mo ṣe wọ balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí kànrìnkàn ìyá mi, èyí oníhò wínníwínní yẹn. Mo ní, "Àwọ̀n kọ́ lèyí?" Mo gé e, mo rán an mọ́ igi. Mo ju bọ́ọ̀lù sí i, mo dorí ẹ̀ kodò, bọ́ọ̀lù ò mira. Mo gbé e lọ́wọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi, digbí ló wà. Orí mi wú, àfi bíi pé èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe igi.

Ní Ìfọ́n, bọ́ọ̀lù bọ́ sápò mi, ó di tèmi. Wọ́n lu igi mi títí, pàbó ló já sí. Mo ń sáré, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo dójú ilé wọn, mo fi gbogbo agbára jù ú, bọ́ọ̀lù ò lọ. Mo tún jù ú. Àpò ló ń fà, ó fà títí ó fi gùn bí ìbọ̀sẹ̀ tó mumi. Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kànrìnkàn tí wọ́n ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ láàárọ̀! Ó hó dé ìgúnpá mi. Ẹ̀rín mú aṣọ́lé wọn, ó jókòó sílẹ̀.

Mo wá fi ìbínú jù ú. Okùn já, àpò àti bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn lọ, wọ́n balẹ̀ sórí itan Bàbá Sìkírátù tó jókòó lẹ́bàá pápá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà."

Bàbá gbé kànrìnkàn sókè. "Ẹ̀yin ará Ìlọ́bù, ta ló sọ fún yín pé a ò tíì wẹ̀?" Ẹ̀rín sọ. Àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń wò ẹ́. Àpò ẹ mọ gbígbà, kò mọ fífúnni. Ṣé bí àpò ṣòkòtò ẹ náà ṣe rí nìyẹn? Kí lọmọ mi máa wá jẹ?"

Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, mo bá dá a lóhùn:

"Rárá o, sà. Ti ṣòkòtò ti lu, sà. Kò sóhun tó ń dúró níbẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Dìde. Sọ fáwọn ará ilé ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Àwọn ọmọ Ìfọ́n nà wá nínà burúkú nínú eré ọjọ́ náà. Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tó bá ń ṣe àpò, kó dán ìjáde wò kó tó máa yọ̀ lórí ìwọlé. Sìkírátù ti wà nílé mi báyìí, "Alhaji Kànrìnkàn" ló sì ń pè mí lójú àlejò. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dénú.