Ìbọn Aláwọ̀ Búlúù ti Òkè-Sopẹ́n

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje, ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ààbò àdúgbò gba ìbọn ní Òkè-Sopẹ́n. Ẹni tó bá fi ìbọn sílẹ̀ yóò gba ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ omi wa dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹjọ́ dé iwájú Olóyè Oyètọ́lá.

Kúbúrá, tó ń ṣe fùfú tà, ló pẹjọ́.

"Bàbá, ẹ̀gẹ́ mi wà nínú dúrọ́ọ̀mù, kò sí omi tí n ó fi sẹ́ ẹ. Qowiyyu wẹ́dà ló gé páìpù ẹ̀rọ omi. Ìyókù já sí ìsàlẹ̀ kànga."

"Qowiyyu, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Rárá, bàbá. Ìbọn ni mo gbé fún ìgbìmọ̀. Ìbọn bàbá mi àgbà ni."

"Bàbá rẹ àgbà tó jẹ́ ládàánì?"

"Ó máa ń dẹ igbó díẹ̀ lẹ́yìn ìrun, bàbá."

Wọ́n pe Hasanat, ìyàwó rẹ̀.

"Ìbọn wo? Mo bá a níbi tó ti ń gé irin láàárọ̀ àná. Ó ní geètì mọ́ṣáláṣí ni."

Qowiyyu wolẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, n kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Àwọn tó ń fi ìbọn dá wa lọ́nà oko gba ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n sì tún bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìyàwó mi kọ́ṣẹ́ aṣọ, kò ní ẹ̀rọ. Èmi tí n kò dá ẹnikẹ́ni lọ́nà rí, kí ni kí n gbé lọ?"

Ìjòyè kan wúkọ́.

Àbdùlgàfár, alága ìgbìmọ̀ ààbò, dìde.

"Ìbọn ni, bàbá. Mo gbé e sókè, wọ́n ya fọ́tò mi."

"Alága," Kúbúrá ní, "ọ̀dà búlúù tí a fi kun ẹ̀rọ omi wà lára rẹ̀ nínú fọ́tò."

"Ìbọn àwọn ṣọ́jà orí omi máa ń ní búlúù."

"Omi ń kán lẹ́nu rẹ̀."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ń làágùn."

"Ẹ dá a padà fún wa."

"A ti gé gbogbo wọn wẹ́wẹ́. Òun la kọ́kọ́ gé, torí òun ló léwu jù."

Olóyè dá ẹjọ́ náà.

"Alága ní ìbọn ni, fọ́tò sì ti jáde, a kò lè sọ alága di òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ omi ni ìbọn náà ti wá. A jẹ́ pé ẹ̀rọ omi ló ń gbé ìbọn pamọ́ láti ọjọ́ yìí, àwa ò mọ̀. Ó ti fi í sílẹ̀, a dárí jì í, òun ló sì ni ẹ̀bùn náà. Hasanat, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sídìí kànga. Qowiyyu, ìwọ ni yóò máa pọnmi odò fún Kúbúrá títí ẹ̀rọ ìránṣọ yóò fi sun omi. Alága, ìwọ lo mọ ìbọn. Máa tẹ̀ lé e lọ sódò pẹ̀lú garawa tìrẹ, kí wọ́n má baà dá a lọ́nà."

"Bàbá," Hasanat ní, "mo ti bẹ̀rẹ̀ búláòsì kan lórí rẹ̀."

"Kànga yóò parí rẹ̀."

A tú ká. Ní ìrọ̀lẹ́, ìbọn dún lọ́nà oko. Ẹ̀gẹ́ Kúbúrá bà jẹ́. Òkè-Sopẹ́n kò ní omi ẹ̀rọ mọ́.