Ẹ̀wà Tútù Mùsíyé Isidore

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fojú kan Isidore ní Lèma, ìlú wa orí òkè, oòrùn mú gan-an. Ó sọ̀ kalẹ̀ látinú kámíọ̀ tó ti Kútọnu bọ̀, ó wọ bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì fi àmúga ìjẹun há àpò àyà bí ẹni fi gègé há a. Ẹni tó kí i ní èdè wa, ó dá a lóhùn ní Faransé. Ẹni tó kí i ní Faransé, kò gbọ́ tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn.

Ó ní alásè àgbà ni òun nílé òyìnbó, kí a sì máa pe òun ní Mùsíyé, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni ní Faransé. Justine, ìyàwó rẹ̀, mọ̀ pé géètì ni ọkọ òun ń ṣí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Bí ọkọ bá rìn níhòhò lọ́jà, aya rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè aṣọ.

Òmìnira kò tíì pẹ́ nígbà náà. Àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ẹ̀wà kan tí òyìnbó ń ká ní tútù, tí wọ́n ń jẹ tèèpo-tèèpo. Ó so wọ̀ǹtìwọnti, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ ń bọ̀ láti Dassa wá tọ́ ọ wò. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa yóò yan ààrẹ, ilé ààrẹ sì ni òṣùwọ̀n irè oko gbogbo wa yóò máa gbé. Ibẹ̀ ni ojú Isidore wà. Ọwọ́ tó bá di òṣùwọ̀n mú kì í gbẹ.

Isidore pe àwọn obìnrin jọ.

“Èyí kì í ṣe ẹ̀wà bàbá yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sísè rẹ̀, kó mú adìẹ kan wá.”

Suzanne, tí oko rẹ̀ tóbi jù létí odò, bi í pé, “Mùsíyé, ṣé adìẹ wà nínú ẹ̀wà náà ni?”

“Adìẹ wà nínú ẹ̀kọ́ náà.”

Wọ́n mú adìẹ wá. Ọ̀mọ̀ràn, ọkọ àmúga, baba ọbẹ̀ tí a kò tíì tọ́ wò, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn.

“Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ da ẹ̀wà sí i. Ẹ ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá.”

Àmínátù oníyọ̀ ní, “Èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí ńkọ́?”

“Ka Fátíhà. Má yára.”

Ẹ̀kọ́ náà tọ́. Ojú fèrèsé ilé ìdáná òyìnbó ló ti gbọ́ ọ. Kìkì pé kò tíì sè é rí.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá dé, Isidore lé gbogbo ènìyàn jáde nílé ìdáná, àfi Justine. Ó da ẹ̀wà sínú omi híhó, ó mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ. Ó dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìyá Lambert, èyí kò jinná.”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa yọ ọ́ kíá, Bàbá Lambert.”

“Ẹ̀wà wo ló ń dún lẹ́nu àlejò?”

Lórí òkè wa, ẹ̀wà tó bá dún lẹ́nu àlejò, àbùkù ni, oògùn rẹ̀ kò sì ju kàún lọ. Isidore ju kàún díẹ̀ sí i. Ẹ̀wà tutù yọ̀yọ̀ bí koríko àkọ́rọ̀ òjò. Orí Isidore wú, ó tún ju òmíràn sí i.

“Wo àwọ̀. Òyìnbó fúnra rẹ̀ kò rí irú èyí.”

“Kàún yẹn ti pọ̀.”

“Ta ni alásè láàárín àwa méjèèjì?”

“Ẹ̀yin ni,” ni Justine wí, ó sì fà sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó lọ so táì. Táì náà kò tètè gbọ́ràn.

Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé àwo kan tí a dé wá síwájú ọ̀gá.

“Ọ̀gá, ẹ ó rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá dúró bí ṣọ́jà.”

Ó ṣí i. Àwọ̀ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi mí kanlẹ̀. Ọ̀gá ti àmúga bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè: kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi omi kíki tó ń fà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé àmúga kalẹ̀, ó mú ṣíbí.

“Ẹ ṣeun, Mùsíyé. Mo fẹ́ràn ilá púpọ̀. Ẹ̀wà náà ńkọ́?”

“Báyìí ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Paris,” ni Isidore wí.

Suzanne dìde. “Mùsíyé, Baba Wa lẹ kà ni, àbí odindi Rosario?”

Ẹ̀rín ya lulẹ̀. Àmínátù kò rẹ́rìn-ín.

“Adìẹ mi dà?”

“Ẹ ní sùúrù.”

“Mo ti ní i. Adìẹ ni n kò ní mọ́.”

Nígbà tí ọ̀gá bèèrè ẹni tó fẹ́ kí Isidore ṣe ààrẹ, ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè, tirẹ̀ ni. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Justine fi ọwọ́ kan di ìdérí àwo mú, ó fi èkejì bo ẹnu.

Suzanne ni wọ́n yàn. Isidore wà ní Kpingni báyìí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń gbin iṣu.