Bí Mo Ṣe Gun Ẹṣin Lọ Pe Ọ̀gá Bámigbóyè Níjà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí. Ọjọ́ náà ni mo wọ ẹ̀wù irin, mo gun ẹṣin, mo sì lọ pe ọkùnrin kan níjà nítorí ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹṣin náà wà. Ìbínú mi nìkan ló wà lóde.

Ọ̀gá Bámigbóyè lorúkọ ọkùnrin náà. Èmi àti òun la jọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Oǹdó. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, èmi ni mo kàwé jù ú lọ, èmi náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé màá di ọ̀gá àgbà. Ó rìn sókè, ó rìn sódò, ó sọ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń gbé Àkúrẹ́ kò lè fọkàn sí iṣẹ́ Oǹdó. Wọ́n gbé ipò náà fún un. Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú ènìyàn pé èmi ni ipò yẹn tọ́ sí.

Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní Arákalẹ̀, nílùú Àkúrẹ́, ló fi géèmù náà hàn mí lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Ó ní, "Màmá, ẹ yéé jókòó sílé yín ní Ìjàpọ̀ kẹ́ ẹ máa wo ògiri." Ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilé olódi, oṣó, àti ejò abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é pọ̀, oníkálukú láti ilé rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn. Mo yan jagunjagun ẹlẹ́ṣin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn, mo sì búra pé bí wọ́n ṣe rí gan-an ni màá ṣe é.

Ìmọ̀ wá di wàhálà. Wọ́n fún mi lóògùn tí ń mú ènìyàn fò, mo kọ̀ ọ́. Mo wọ odò pẹ̀lú ẹ̀wù irin, mo rì bí òkúta. Nígbà tí ebi fẹ́ pa mí nínú igbó, Tọ́lá ju ọ̀dùnkún sí mi.

"Mi ò jẹ ẹ́. Ọ̀dùnkún ò tíì dé ilẹ̀ òyìnbó láyé ìgbà yẹn."

"Màmá, ejò abìyẹ́ ńkọ́, òun ti dé?"

Mo kú síbẹ̀, ọ̀dùnkún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí géèmù tó tún jí mi dìde. Nígbà tó yá, wọ́n dá ogun sí Ọjọ́bọ̀. Mo ní ìjọ ayé ìgbà náà ka ogun léèwọ̀ láti alẹ́ Ọjọ́rú títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Tọ́lá bi mí pé, "Màmá, ṣé ogun lẹ wá jà ni àbí ìsọjí lẹ wá ṣe?"

Ọjọ́ tí Tọ́lá rí orúkọ Ọ̀gá Bámigbóyè lára oṣó aláṣọ funfun tó ń ṣọ́ orí òkè kan nínú géèmù náà, tó sì sọ fún mi, gbogbo òfin ìjọ fò lọ lórí mi. Mi ò dúró de Ọjọ́ Ajé. Sátidé ni mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tọ́lá, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó tóbi jù, mo sì darí ẹṣin mi sórí òkè. Oṣó náà dúró jẹ́ẹ́. Àwọn oníbàárà bíi márùn-ún wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi.

Jagunjagun gidi kì í ṣá ènìyàn láìsọ ìran rẹ̀ fún un. Ọmọ Oǹdó tó bá sì fẹ́ sọ ìran rẹ̀, kì í sọ ọ́ ní ìlàjì. Mo gbé idà sókè, mo di gbohùngbohùn mú, mo sì bẹ̀rẹ̀: "Èmi ọmọ Èkímògún! Ọmọ ọkùnrin tí kì í tọrọ ilẹ̀ dáko!" Mo ka ilé bàbá, mo ka ilé ìyá. Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì yà wá. Bàbá kan tó gbé fóònù wá fún àtúnṣe rò pé àdúrà ni, ó ń ṣe "Àmín! Àmín!" Nígbà tí mo parí, mo kígbe pé: "Bámigbóyè! Ìwọ lo jí ipò mi. Sọ ọ́ lónìí, kí ayé gbọ́!"

Ohùn obìnrin ló dáhùn. "Ẹ káàsán mà."

"Ta nìyẹn? Mo ní kí Bámigbóyè dáhùn!"

"Bàbá ti kú mà. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ wọn ni mí. Mo kàn ń wọlé síbí kí ilé tí wọ́n kọ́ sínú géèmù yìí má baà bàjẹ́ ni."

Idà mi ṣì wà lókè, mi ò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kí ọmọ olóògbé, pẹ̀lú idà lókè orí rẹ̀: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín mà. Ẹ ṣeun. Ṣé a ṣì ń jà ni?"

Ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mi rí, èmi tí a jọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Oǹdó.

"Rárá o, mà. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ gbogbo àwọn olùkọ́ ìgbà yẹn fún wa ṣá. Àbí ẹ̀yin ni olùkọ́ ìránṣọ?"

Mo sáré wá bọ́tìnnì idà, mo ṣi òmíràn tẹ. Idà já wálẹ̀, ọrùn ẹṣin mi ló bà sí. Ẹṣin kú. Bàbá tó ń ṣe àmín dìde, ó ní òun á padà wá gba fóònù òun lọ́la.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò dùn létí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi gbé ọkùnrin kan sínú, tí òun kò sì fi mí sọ ìtàn fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá ẹnìkan, kó tètè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí onílé ṣì lè dáhùn. Ẹ má sì rò pé mo ti dárí jì í o. Ta ló kù tí n ó dárí jì?

Síbẹ̀, tí mo bá rántí bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, tí irin ń ro kẹ̀kẹ̀ lára mi, tí ọmọ Bámigbóyè sì ń pè mí láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ rọra mà, ibẹ̀ yẹn ń yọ̀ o," mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò bí ewúro, ṣùgbọ́n ó ń jáde.