Iṣẹ́ Tí Fẹ̀hìntọlá Rán sí Tápà

Fẹ̀hìntọlá ti dé orí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kẹta ní kíláàsì Bíbélì àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí Bàbá Gbémisọ́lá tó wúkọ́.

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Èrúwà ló mọ ikọ́ yẹn. Tísà Adélékè ni orúkọ tí ìlú ń pè wọ́n, ikọ́ yẹn ni wọ́n sì fi darí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò na ọmọ. Wọ́n kàn ń wúkọ́ ni.

"Fẹ̀hìntọlá."

"Sà."

"Gíríìkì tó ò ń dà lé wa lórí látàárọ̀ yìí, níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lórí fóònù mi ni, sà."

"Ta ló kó o sórí fóònù?"

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ni, sà. Wọ́n wò ó lára àwọn ẹ̀dà àtijọ́."

"Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n dà wọ́n kọ lára àwọn tó ṣáájú wọn, sà."

"Ó tán. Èmi tí mo máa ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sójú pátákó, tí mo ní kí àwọn ọmọ dà á kọ. Kó tó dé bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, ewúrẹ́ tí mo kọ ti di àgùntàn. Ìwé tí wọ́n ti ń fọwọ́ dà kọ láti ayé Késárì, òun lo wá ń bá mi tú ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kódà akọrin tó ń sùn jí láti rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ńlẹ̀ fún yín. Fẹ̀hìntọlá fẹ́ fẹ́ Gbémisọ́lá. Gbémisọ́lá náà fẹ́ ẹ. Tísà ló ní àwọn ṣì ń rò ó, pé ọmọ tó jáde yunifásítì tí kò ríṣẹ́, tó wá ń kọ́ èdè àwọn tó ti kú, báwo ló ṣe máa bọ́ ìyàwó? Bí ẹni pé Fẹ̀hìntọlá ló kó gbogbo iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín kíláàsì dùn ún débi pé ó la ẹnu tí kò yẹ kó là.

"Tísà, ọ̀rọ̀ lè gba ẹnu púpọ̀ kọjá kó sì dé bó ṣe wà. Mo lè fi hàn yín, sà."

"Fi hàn mí. Tó bá dé bó ṣe wà, mà á dá ẹ lóhùn lórí Gbémisọ́lá. Tó bá yẹ̀ báyìí, má dárúkọ ọmọ mi létí mi mọ́."

Wọ́n fẹnu kò síbẹ̀. Iṣẹ́ kan yóò gbéra ní Èrúwà, yóò gba Igbó-Ọrà àti Ayétẹ̀, yóò já sí Tápà lọ́dọ̀ Màmá Keturah, ẹ̀gbọ́n Tísà. Kò gbọdọ̀ sí fóònù, kò gbọdọ̀ sí bébà. Ẹnu sí ẹnu ni. Lọ́jọ́ Sátidé, Tísà fúnra wọn yóò lọ gbọ́ ọ.

Ìlérí tí àwọn olóṣèlú fi gbohùngbohùn ṣe lórí ọ̀nà yẹn kò tíì dé Tápà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà yẹn kan náà ni Fẹ̀hìntọlá fẹ́ kí Ìhìn Rere gbà.

Ó mú ibi tí Jésù ti rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ wá ibi tí wọn yóò ti jẹ àjọ Ìrékọjá. Kò lo èyí tí gbogbo ayé ti há sórí. Ó jókòó ti fóònù, ó tú u láti inú Gíríìkì fúnra rẹ̀: "Olùkọ́ ní, yàrá àlejò mi dà, níbi tí èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi yóò ti jẹun?" Ó ní nínú àwọn ẹ̀dà tó pẹ́ jù, "yàrá àlejò mi" ló wà níbẹ̀, òun ò sì ní yọ ọ́.

Ó pe Àkíbù ọlọ́kadà.

"Gbé e fún Rùkáyyàh onígààrí ní Igbó-Ọrà. Kó fi rán Mùíz mẹkáníìkì ní Ayétẹ̀. Mùíz ni yóò jẹ́ ẹ fún Màmá Keturah ní Tápà. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

"Kí ni Màmá Keturah jẹ́ sí ẹ?"

"Àna mi ni, tí Ọlọ́run bá gbà bẹ́ẹ̀."

Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ní Ìbàràpá, iṣẹ́ ọjà, o lè bu iyọ̀ sí i. Iṣẹ́ oko, o lè gbàgbé ìdajì ẹ̀ sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ilé àna ni ẹnikẹ́ni kì í fi ṣeré. Tí ìgbéyàwó bá fọ́ nítorí ẹnu ẹ, ìdílé méjì ni yóò máa gbé ẹ ṣépè.

Àkíbù ń ké e lórí ọ̀kadà bí ọmọ kéwú tó ń ké wàláà. "Olùkọ́ ní," gbì, kòtò! "Yàrá àlejò mi dà," gbì, kòtò mìíràn! Rùkáyyàh ní kó tún un sọ títí oníbàárà ẹ̀ fi wọn gààrí fúnra ẹ̀. Ní ti Mùíz, nígbà tó wọ Tápà, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn ìkíni kí ọ̀rọ̀ má bàa já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló wá tú fún wọn.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Sátidé mọ́. Fẹ̀hìntọlá wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù àti sílípáàsì. Àkíbù gbé òun àti Tísà. Tísà ní àwọn gbọ́dọ̀ kó gbogbo àwọn tó jẹ́ iṣẹ́ náà dání, kí àwọn lè bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Igbó-Ọrà, léèsì ni Rùkáyyàh wọ̀ jáde.

"Léèsì kẹ̀?" ni Fẹ̀hìntọlá wí.

"Ṣebí ilé àna là ń lọ."

Ó rò pé àwàdà ni. Rùkáyyàh gun ọ̀kadà mìíràn tẹ̀lé wọn, Mùíz náà dara pọ̀ mọ́ wọn ní Ayétẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ní Tápà ni odó. Gbì-gbì, gbì-gbì. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn ẹran ewúrẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí àwọn àgbà ilé tó tò sórí àga, fìlà kan ò wọ́ lórí.

Màmá Keturah jó jáde. "Àna wa, ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ yín dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Tísà wí, "kí lẹ gbọ́ gan-an?"

Màmá dúró ṣánṣán. "Olùkọ́ ní, yàrá àlejò mi dà, níbi tí èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn mi yóò ti jẹun?"

Ó pé pérépéré.

Fẹ̀hìntọlá fò sókè fìrì.

"Mùíz ní àna wa ló rán an. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu," ni Màmá ń bá a lọ, "pé àna tó pe ara ẹ̀ ní Olùkọ́, tí kò tíì wọlé wa rí, ti ń pe yàrá àlejò wa ní yàrá òun. Mo ní ojú ọmọ náà là ni. A ti kó àgbàdo kúrò níbẹ̀ fún un. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tẹ́ ẹ gbé wá lójijì yìí kò ní tì wá lójú."

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́!

Fẹ̀hìntọlá wo jẹ́sì ara ẹ̀. Ó wo sílípáàsì. Ó wo Tísà. Tísà fẹ́ wúkọ́, ikọ́ kọ̀ láti jáde.

Gbémisọ́lá yọrí láti ilé ìdáná. Màmá ti ránṣẹ́ pè é láti àná. "Ṣé jẹ́sì lo fi wá tọrọ mi?"

"Gbémi, Bíbélì ni mo rán sí wọn."

"Wọ́n ti pa ewúrẹ́ fún Bíbélì náà."

Àgbà ilé kan na ọ̀pá sí Fẹ̀hìntọlá. "Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ dà?"

Àkíbù ló ṣí fìlà. "Àwa náà nìyí, Bàbá. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè." Rùkáyyàh kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì. Mùíz dọ̀bálẹ̀ tòun ti ọ́ìlì apá. Kò sí ìkankan nínú àwọn àpọ́sítélì yìí tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá rí i pé àwọn ẹbí òun ti wà nílẹ̀, òun náà nà gbalaja.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Tísà wí. "Ìdánwò lásán ni."

"Tísà," ni Màmá wí, "Gbémi ti sọ àdéhùn yín fún mi. Ṣé iṣẹ́ náà dé bó ṣe wà, àbí kò dé bó ṣe wà?"

"Ó dé, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́..."

"Dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Iyán ń tutù."

Tísà nu ojú. Wọn kì í fagi lé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà nínú ìdánwò, ìbáà ṣe ọ̀tá wọn. Wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà dé.

"Ẹ̀yin ẹbí, mo gbà..."

Wàà! Àtẹ́wọ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Rùkáyyàh ti dá orin. Àkíbù ti ń tẹ fèrè ọ̀kadà, pìì-pìì-pìì. Màmá Keturah ti gbé fóònù sétí, wọ́n ń pariwo sí àbúrò wọn tó wà ní Ìgàngàn pé, "Tísà ti gbà. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Mo gbà pé ọ̀rọ̀ lè gba ẹnu púpọ̀ kọjá kó sì dé bó ṣe wà," ni Tísà ń lọgun lábẹ́ ariwo. "Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ò jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Màmá fọwọ́ bo fóònù.

"A ò fi nǹkan kan kún un, Tísà. A kàn dín in kù ni."